Ẹ Bi Wá Léèrè: Lẹ́tà Àwọn Òṣìṣẹ́ Òtẹ́ẹ̀lì láti Ìlọrin dé Ọ̀mù-Àrán

Láti ìgbà tí a ti kéde pé iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì la máa fi ojú ìwé yìí sọ lóṣù yìí ni lẹ́tà ti ń wọlé láti Tankẹ, Gẹ̀rì Àlímì, Ọ̀fà, Àjàṣẹ́ Ìpo àti Ọ̀mù-Àrán. A ò lè dáhùn gbogbo rẹ̀. Èyí tí ìdáhùn rẹ̀ máa wúlò fún ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà lọ́wọ́ àti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ wọ inú rẹ̀ la mú jáde. A yọ orúkọ ènìyàn àti orúkọ òtẹ́ẹ̀lì kúrò nínú gbogbo rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní poli. Òtẹ́ẹ̀lì kan ní GRA Ìlọrin ní kó wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yàrá títúnṣe lọ́jọ́ Ajé. Bàbá rẹ̀ ní òun ò fẹ́, pé iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì kì í ṣe iṣẹ́ ọmọlúàbí. Kí lẹ rí sí i? (Ìyá kan, Ọ̀mù-Àrán)

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú wàhálà ọmọ. Iṣẹ́ gidi ni, iṣẹ́ ọwọ́ sì ni. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń tún yàrá ṣe dáadáa lè ṣe é ní Ìlọrin, kó ṣe é ní Àbújá, kó sì ṣe é lẹ́yìn odi, nítorí bákan náà ni wọ́n ṣe ń ṣe é káàkiri. Ọ̀pọ̀ máníjà tó mọ iṣẹ́ lónìí ló bẹ̀rẹ̀ láti ibi bẹ́ẹ̀dì títẹ́, tí wọ́n di alábòójútó yàrá, kí wọ́n tó dé ọ́fíìsì. Èrè mìíràn tún wà níbẹ̀: oúnjẹ ẹnu iṣẹ́ ní ibi tó bá dára, owó tí àlejò fi ń dúpẹ́, àti ìmọ̀ bí a ṣe ń bá onírúurú ènìyàn sọ̀rọ̀ láìjà.

Ìnira rẹ̀ náà kò ṣe é fi pamọ́. Ọjọ́ tí gbogbo ilé bá ń ṣe ọdún ni òtẹ́ẹ̀lì máa ń kún: Ìtúnu Ààwẹ̀, Iléyá, Kérésìmesì, ọ̀sẹ̀ ìkẹ́kọ̀ọ́gboyè ní Yunifásítì Ìlọrin. Ẹ má retí ọmọ yín nílé láwọn ọjọ́ yẹn. Ẹsẹ̀ á máa ro ó lálẹ́ fún oṣù àkọ́kọ́. Kó ra bàtà pẹlẹbẹ tí kì í yọ̀ lórí táìlì tútù, kó má wọ sílípáàsì.

Ohun tó ń ba bàbá rẹ̀ lẹ́rù wà lóòótọ́ níbì kan, kò sí níbòmíràn. Ilé ló ń dá irú rẹ̀ sílẹ̀, kì í ṣe iṣẹ́. Kí ọmọ náà béèrè nǹkan mélòó kan kó tó di ọjọ́ Ajé. Ta ló ń gbé òṣìṣẹ́ tó bá ṣíwọ́ ní aago mọ́kànlá alẹ́ lọ sílé? Ṣé obìnrin nìkan ló máa ń gbé nǹkan wọ yàrá àlejò lálẹ́, àbí méjì-méjì ni wọ́n ń lọ? Tí tówẹ̀lì bá sọnù, ta ló ń san án? Bí máníjà bá ń bínú sí ìbéèrè báyìí, ìdáhùn nìyẹn.

Kó sì gba ìwé. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa sọ pé agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ fún òṣìṣẹ́ ní ìwé tó to àdéhùn iṣẹ́ lẹ́sẹẹsẹ kí oṣù mẹ́ta tó pé. A gbà á nímọ̀ràn pé kó béèrè rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́: iye owó oṣù, ọjọ́ tí wọ́n ń san án, wákàtí iṣẹ́, ọjọ́ ìsinmi. Òfin náà fún òṣìṣẹ́ ní ìsinmi wákàtí kan bó bá ń ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòjọ́, ọjọ́ kan gbáko nínú ọjọ́ méje, ó kéré tán ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà ìsinmi pẹ̀lú owó lẹ́yìn oṣù méjìlá, àti ọjọ́ àìsàn tó lè tó 12 lọ́dún bí ìwé dókítà bá wà. Owó oṣù tó kéré jù ti di ₦70,000 láti ọdún 2024, àmọ́ òfin yẹn kò de ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25. Ìdí nìyẹn tí ẹ ó fi gbọ́ pé òtẹ́ẹ̀lì kékeré kan ń san iye tó kéré sí i. Níbi tí òṣìṣẹ́ bá ti tó 15, owó ìfẹ̀yìntì wọ inú ọ̀rọ̀: ìpín 8 nínú ọgọ́rùn-ún látinú owó òṣìṣẹ́, ìpín 10 látọ̀dọ̀ agbanisíṣẹ́. Bí wọ́n bá ń yọ 8 yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, kó béèrè nọ́ńbà àkáǹtì ìfẹ̀yìntì rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Yàrá mẹ́rìnlá ni wọ́n ń fún mi lójúmọ́, láti aago méje àárọ̀ sí aago mẹ́ta ọ̀sán. N kì í lè parí wọn. Ẹ̀yìn ń dùn mí, alábòójútó sì ń pè mí ní ọ̀lẹ. Ṣé èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n ṣe ni? (Òṣìṣẹ́ yàrá, Tankẹ)

ÌDÁHÙN: Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀ ná. Wákàtí mẹ́jọ jẹ́ ìṣẹ́jú 480. Ẹ yọ wákàtí ìsinmi kan, kí ẹ sì yọ ìṣẹ́jú 30 tí ẹ fi ń kó aṣọ láàárọ̀ àti èyí tí ẹ fi ń dá ẹrù padà lọ́sàn-án. Ó ku 390. Yàrá tí àlejò ti kó jáde máa ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 40 bí a bá fẹ́ ṣe é re. Èyí tí àlejò ṣì ń gbé gba 20. Bí mẹ́fà nínú mẹ́rìnlá yín bá jẹ́ ti àlejò tó ti lọ, ìṣẹ́jú 400 nìyẹn, ó ti fi mẹ́wàá kọjá. Bó bá jẹ́ mẹ́wàá, ó di 480. Kò sẹ́ni tó lè ṣe é, àfi ẹni tó bá fi ọwọ́ nu ṣíìtì tó dọ̀tí kó lè dà bí èyí tí wọ́n pààrọ̀. Tí omi kò bá sì yọ lókè, tí ẹ ń fi garawa pọn ọ́n gun àtẹ̀gùn, ẹ tún fi kún un.

Nítorí náà, ẹ má bá alábòójútó jiyàn lórí ọ̀lẹ. Ẹ mú bébà lọ bá a. Kí yàrá tí àlejò ti jáde jẹ́ máàkì méjì, kí èyí tí àlejò ṣì wà jẹ́ máàkì kan, kí iṣẹ́ ẹnì kan má kọjá máàkì 19 lójúmọ́. Ẹ kọ iye tí wọ́n fún yín sílẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Alábòójútó tó mọ iṣẹ́ máa gba ìṣirò gbọ́ ju ẹkún lọ.

Bí a ṣe ń tẹ̀lé iṣẹ́ yàrá náà ṣe pàtàkì, nítorí ibẹ̀ ni àkókò ti ń jò dànù. Ẹ kan ilẹ̀kùn, ẹ sọ iṣẹ́ tí ẹ bá wá, ẹ dúró díẹ̀, ẹ tún kàn án kí ẹ tó ṣí i. Ẹ tan gbogbo iná, ẹ́síì àti tẹlifíṣọ̀n lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ lè rí èyí tó ti bàjẹ́ kó tó jẹ́ àlejò tuntun ló máa rí i. Ẹ fa kọ́tìnnì, ẹ ṣí fèrèsé. Ẹ kó ìdọ̀tí. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ lọ da oògùn ìfọ̀ sínú ṣáǹgá (ibi ìgbọ̀nsẹ̀) ilé ìwẹ̀, kí ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá nígbà tí ẹ bá ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀pọ̀ ló ń da oògùn yẹn tí wọ́n sì ń fọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Wọ́n á wá máa fi agbára ha ohun tí oògùn ì bá ti bá wọn jẹ.

Bí ẹ bá ń tú bẹ́ẹ̀dì, ẹ máa gbọn ṣíìtì lọ́kọ̀ọ̀kan. Inú rẹ̀ ni fóònù, yẹtí àti owó àlejò máa ń fara pamọ́ sí, òṣìṣẹ́ lóńdìrì ni wọ́n á sì padà máa bi. Ẹ má tẹ́ aṣọ dídọ̀tí sílẹ̀, ẹ má sì fi tówẹ̀lì àlejò nu ilẹ̀ láéláé, bó ti wù kó dọ̀tí tó.

Ní ti ẹ̀yìn tó ń dùn yín: ó ṣeé ṣe kó jẹ́ bí ẹ ṣe ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ń fà á. Ẹ parí ẹ̀gbẹ́ kan pátápátá kí ẹ tó yí sí ìkejì, dípò kí ẹ máa yí po lẹ́ẹ̀mẹfà. Ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ tẹ orúnkún bí ẹ bá fẹ́ ti ṣíìtì bọ abẹ́ mátírẹ́ẹ̀sì. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ìbàdí. Igun rẹ̀ nìyí: ẹ ti apá ẹsẹ̀ bọ abẹ́ ná, ẹ mú etí ṣíìtì ní nǹkan bí ìwọ̀n rúlà kan sí igun, ẹ gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì kó di onígun mẹ́ta, ẹ ti èyí tó ń fì nísàlẹ̀ bọ abẹ́, ẹ wá sọ onígun mẹ́ta yẹn kalẹ̀, kí ẹ tì í bọ abẹ́ náà. Igun tí a bá ṣe báyìí kì í tú bí àlejò bá ń yí lójú oorun. Ẹ má fi àgbọ̀n di ìrọ̀rí mú bí ẹ bá ń wọ̀ ọ́ láṣọ.

Eruku nínù bẹ̀rẹ̀ láti òkè wá sísàlẹ̀, láti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn yí po padà sí ẹnu ilẹ̀kùn. Nígbà ọyẹ́, ẹ má jẹ́ kí fèrèsé wà ní ṣíṣí ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, ẹ tì í kí ẹ tó nu nǹkan, aṣọ ọ̀rinrin sì ni kí ẹ lò. Ìyẹ́ adìyẹ kàn ń ti eruku láti ibì kan lọ sí ibòmíràn ni. Ilé ìwẹ̀ ló tẹ̀ lé e: dígí, báàsì (ibi ìfọwọ́), ibi ìwẹ̀, ṣáǹgá kẹ́yìn. Ẹ ya aṣọ ìnulẹ̀ sọ́tọ̀ ní àwọ̀: pupa fún ṣáǹgá nìkan, yẹ́lò fún báàsì, búlúù fún inú yàrá. Bí máníjà kò bá ra aláwọ̀, ẹ gé etí wọn ní àmì. Ilẹ̀ ló kẹ́yìn, láti ojú fèrèsé sí ẹnu ọ̀nà.

Ohun kan wà tí a fẹ́ kí gbogbo òṣìṣẹ́ yàrá gbọ́ dáadáa. Ẹ má da Hypo tàbí Jik, tí wọ́n jẹ́ bílíìṣì, pọ̀ mọ́ Harpic. Ásíìdì wà nínú Harpic. Bó bá pàdé bílíìṣì, afẹ́fẹ́ chlorine ló ń jáde, èyí tó ń jó ojú tó sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, pàápàá nínú ilé ìwẹ̀ kékeré tí kò ní fèrèsé. Èrò pé méjèèjì pọ̀ lágbára ju ọ̀kan lọ ti kó bá ọ̀pọ̀ ènìyàn. Bó bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ jáde, ẹ ṣí ilẹ̀kùn, ẹ má padà wọlé láti lọ da omi sí i. Bó bá ta sójú, omi tó ń ṣàn fún ìṣẹ́jú 15, kí wọ́n tó gbé yín lọ ilé ìwòsàn. Bílíìṣì fún ilẹ̀: nǹkan bí ṣíbí ìjẹun méjì sí lítà omi kan ti tó. Ẹ pò ó lójoojúmọ́, èyí tó bá sùn mọ́jú kò lágbára mọ́.

ÌBÉÈRÈ: Ṣíìtì funfun wa ń di yẹ́lò, bí a ṣe ń da bílíìṣì sí i tó ló ń burú sí i. Omi bóhòólù la ń lò. Èkejì: àwọn ìyàwó tuntun ń sùn sí òtẹ́ẹ̀lì wa, làálì sì ń ba ṣíìtì jẹ́. (Òṣìṣẹ́ lóńdìrì, Ọ̀fà)

ÌDÁHÙN: Irin ló wà nínú omi yín, bílíìṣì ló sì ń sọ ọ́ di àbàwọ́n. Irin tó yòrò sínú omi bóhòólù kì í hàn sójú. Bí bílíìṣì bá kàn án, ó di ìpẹtà, ó sì lẹ̀ mọ́ òwú. Nítorí náà ni aṣọ ṣe ń pọ́n sí i bí ẹ ṣe ń fi kún un. Ẹ dán an wò: ẹ bu omi bóhòólù sínú garawa funfun, ẹ da ìdérí bílíìṣì kan sí i, ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan. Bó bá pọ́n bí omi tíì, tàbí tí nǹkan bá sọ̀ sísàlẹ̀, ẹ ti rí i nìyẹn.

Ẹ dáwọ́ bílíìṣì dúró lórí omi yẹn. Ẹ jẹ́ kí omi bóhòólù máa já láti òkè sínú táǹkì dípò kó gba inú páìpù wọ ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí afẹ́fẹ́ lè kàn án. Irin á sọ̀ sísàlẹ̀ bó bá sùn mọ́jú. Ẹ̀rọ lóńdìrì kí ó máa mu láti páìpù tó ga díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ táǹkì, kí ẹ sì máa fọ ìdí táǹkì déédéé. Ní ti èyí tó ti di yẹ́lò, ẹ ṣan án lẹ́ẹ̀mejì títí òórùn bílíìṣì á fi tán pátápátá, kí ẹ tó rẹ ẹ́ sínú omi lọ́wọ́ọ́wọ́ lítà 10 tí ẹ pò mọ́ 100 gíráàmù citric acid, fún wákàtí kan. Ásíìdì ni, nítorí náà kò gbọ́dọ̀ pàdé bílíìṣì rárá. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Búlúù tí àwọn kan ń dà sí aṣọ kàn ń bo yẹ́lò mọ́lẹ̀ ni, kò yọ ọ́.

Ẹ tún wo ọṣẹ yín. Bí ọṣẹ bá pọ̀ jù tí ẹ kò ṣan án tán, ooru áyọ́ọ̀nù á sun ún, aṣọ á pọ́n. Ìpara ara àlejò kì í jáde nínú omi tútù. Ó ń fẹ́ omi gbígbóná tó tó 60°C.

Làálì ní tirẹ̀, kí ẹ yára sí i ni. Bó bá ṣì jẹ́ tútù, ẹ fi etí ṣíbí há a kúrò, ẹ má fi ọwọ́ ra á. Ẹ da omi tútù sí i láti ẹ̀yìn aṣọ, kí ó lè gba ibi tó gbà wọlé jáde. Ẹ fi ọṣẹ olómi pa á fún ìṣẹ́jú 30. Bó bá ṣẹ́kù, hydrogen peroxide oní-3% tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn, lórí òwú funfun nìkan, fún ìṣẹ́jú 30, kí ẹ sì ṣan án. Ẹ má lọ̀ ọ́, ẹ má fi í sínú ẹ̀rọ agbẹṣọ títí ẹ ó fi rí i pé ó ti jáde tán, nítorí ooru ń dè é mọ́ aṣọ. Làálì dúdú tí wọ́n fi oògùn irun kún kì í sábà jáde. Ẹ sọ ṣíìtì yẹn di aṣọ iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀jẹ̀: omi tútù nìkan. Epo pupa àti pánkéèkì: ọṣẹ ìfọbọ́ lórí aṣọ gbígbẹ kí omi tó kàn án.

Ṣùgbọ́n ọgbọ́n tó dára jù ni pé kó má ṣẹlẹ̀. Ní agbègbè wa, ìyàwó láìsí làálì ṣọ̀wọ́n, ẹ sì ti mọ̀ pé ìyàwó ń bọ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti gba yàrá. Ẹ fi ṣíìtì aláwọ̀ dúdú àti tówẹ̀lì dúdú méjì sí yàrá yẹn, kí káńtà sì bá ẹbí sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀yàyà bí wọ́n bá ń wọlé. A ò rí ìyàwó tó bínú sí i. Inú wọn máa ń dùn pé wọn ò ní máa ṣọ́ ara wọn lójú oorun.

Bí ẹ bá sì ń sọ pé aṣọ kò tó: bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan nílò sẹ́ẹ̀tì mẹ́ta, ọ̀kan lórí rẹ̀, ọ̀kan ní lóńdìrì, ọ̀kan ní sítọ́ọ̀. Nígbà òjò tí aṣọ kì í tètè gbẹ, mẹ́rin. Ẹ máa kà á bó bá ń lọ àti bó bá ń bọ̀, kí ẹni méjì fọwọ́ sí i.

ÌBÉÈRÈ: Àlejò kan fi àlẹ́ẹ̀tì ₦85,000 hàn mí lórí fóònù rẹ̀, mo fún un ní kọ́kọ́rọ́. Owó náà kò wọlé, ó sì ti lọ. Owó oṣù mi ₦75,000. Máníjà ní òun á máa yọ ₦30,000 lóṣooṣù. Ṣé ó lẹ́tọ̀ọ́? (Òṣìṣẹ́ káńtà, Gẹ̀rì Àlímì)

ÌDÁHÙN: Àbúrò wa, pẹ̀lẹ́. Bó ṣe fẹ́ yọ ọ́ yẹn kò bá òfin mu. Òfin Iṣẹ́ sọ pé agbanisíṣẹ́ tó bá fẹ́ yọ owó nítorí àdánù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ sórí ìwé, àdánù náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí òṣìṣẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ fà tàbí tí àìbìkítà rẹ̀ fà. Gbogbo ohun tí wọ́n bá yọ nínú oṣù kan kò gbọ́dọ̀ kọjá ìdá mẹ́ta owó oṣù. Ìdá mẹ́ta ₦75,000 jẹ́ ₦25,000. Ọ́fíìsì Ilé Iṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀ fún Ọ̀rọ̀ Iṣẹ́ wà ní Ìlọrin. O lè gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síbẹ̀ láìgba lọ́yà.

Bóyá àìbìkítà ni tàbí kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ìbéèrè kan ló máa yanjú rẹ̀: ṣé ilé iṣẹ́ ti kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ pé kí o má fún ẹnikẹ́ni ní kọ́kọ́rọ́ kí owó tó wọlé, ṣé wọ́n sì fún ọ ní ọ̀nà tí o fi máa rí i pé ó wọlé? Bí àkáǹtì bá wà lórí fóònù ọ̀gá nìkan, tí ọ̀gá sì ti sùn ní aago mọ́kànlá, ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀. Bí òfin bá wà tí o sì fò ó, ọ̀rọ̀ náà le díẹ̀ fún ọ. Sọ òtítọ́ rẹ̀ bó bá dé ọ́fíìsì ìjọba yẹn.

Láti ìsinsìnyí lọ: àlẹ́ẹ̀tì orí fóònù àlejò kì í ṣe ẹ̀rí, ìwé rìsíìtì tó fi ránṣẹ́ sí WhatsApp náà kì í ṣe ẹ̀rí, nítorí àwọn méjèèjì ṣe é ṣe ní ayédèrú. Kí ilé iṣẹ́ ra fóònù kékeré kan sí káńtà, kí àlẹ́ẹ̀tì àkáǹtì òtẹ́ẹ̀lì máa wọ ibẹ̀, tàbí kí wọ́n fún káńtà ní ọ̀nà tó lè fi wo àkáǹtì láìlè fi owó ránṣẹ́. Bí owó bá falẹ̀, béèrè session ID tíránsífà náà, ìyẹn nọ́ńbà ìdámọ̀ rẹ̀ tó ní òǹkà 30. Kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ fún àlejò ní àga àti omi tútù, kí ẹ bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, kó sì dúró. Olóòótọ́ á bínú díẹ̀, á sì padà gbàgbé. Bí POS bá kọ káàdì tí owó sì ti kúrò lọ́wọ́ àlejò, ẹ fún un ní bébà tó jáde, ẹ tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀, kí banki rẹ̀ lè fi tọpa rẹ̀.

Ìwé ìfiṣẹ́léra ni ohun kejì. Bí o bá fẹ́ lọ sílé, kọ yàrá tí ènìyàn wà, kọ́kọ́rọ́ tó wà nílẹ̀, owó ṣéńjì inú dúrọ́ọ̀, ẹni tó jẹ gbèsè àti tíránsífà tí kò tíì wọlé. Kí ìwọ àti ẹni tó gbà á fọwọ́ sí i níwájú ara yín. Ó gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Gbèsè tí kò sí nínú ìwé yẹn máa ń di ti ẹni tí kò sí níbẹ̀ láti sọ̀rọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Obìnrin kan wá sí káńtà, ó ní ọkọ òun wà lọ́dọ̀ wa, kí n sọ nọ́ńbà yàrá fún òun. Kí ni ǹ bá ṣe? (Ìlọrin)

ÌDÁHÙN: Má sọ pé ó wà, má sì sọ pé kò sí. “Mà, a kì í sọ̀rọ̀ àlejò wa fún ẹlòmíràn, àmọ́ ẹ lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ tàbí kí ẹ pe fóònù wọn.” Má yẹ ìwé ìforúkọsílẹ̀ wò lójú rẹ̀, ojú rẹ á sọ ohun tí ẹnu rẹ kò sọ. Bí àlejò bá wà, pè é láti yàrá ẹ̀yìn, kó yàn bóyá òun fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Bí ọlọ́pàá bá dé, wo káàdì wọn, pe máníjà. Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti ọdún 2023 de orúkọ àti nọ́ńbà fóònù tó wà nínú ìwé yín, nítorí náà ìwé yẹn kò gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí lórí káńtà.

ÌBÉÈRÈ: Àlejò kan máa ń pè mí pé kí n gbé omi wá, á sì ṣí ilẹ̀kùn pẹ̀lú tówẹ̀lì nìkan lára. Mo bẹ̀rù kí n má pàdánù iṣẹ́. (Òṣìṣẹ́ yàrá, Ìlọrin)

ÌDÁHÙN: Má wọlé mọ́. Gbé omi náà sílẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn, sọ pé “Omi yín rèé, sà,” kí o sì yí padà. Bí o bá ń tún yàrá ṣe, fi kẹ̀kẹ́ ẹrù dí ẹnu ilẹ̀kùn tó wà ní ṣíṣí. Bí àlejò bá wọlé bá ọ, jáde, wí fún un pé o máa padà wá. Kọ́kọ́rọ́ àgbà kò gbọ́dọ̀ kúrò lára rẹ. Lónìí gan-an, kọ ọjọ́, aago, nọ́ńbà yàrá àti ohun tó ṣe, fún alábòójútó ní ẹ̀dà kan, tọ́jú èkejì sílé. Ohun tó yẹ kí máníjà ṣe ni kó fi ọkùnrin rọ́pò rẹ ní yàrá yẹn, kó sì bá àlejò náà sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Máníjà tó bá ní kí o fara dà á nítorí oníbàárà ńlá ni, ó ń fi ọ́ ṣe ọjà. Ní gbogbo òtẹ́ẹ̀lì tó mọ ohun tó ń ṣe, ọmọbìnrin kì í dá gbé nǹkan wọ yàrá lẹ́yìn aago mẹ́jọ alẹ́.

ÌBÉÈRÈ: Báwo la ṣe lè ṣe sààrì fún àlejò láìsí ariwo? (Alásè, Ìlọrin)

ÌDÁHÙN: Kí káńtà gba orúkọ àti oúnjẹ kó tó di aago mẹ́sàn-án alẹ́, kí iná dá ní aago mẹ́ta òru, kí oúnjẹ dé ẹnu ilẹ̀kùn ní aago mẹ́rin àbọ̀ ó pẹ́ tán. Ìrẹsì tí ẹ sè lálẹ́ ni kí ẹ ṣọ́ra fún: ẹ tẹ́ ẹ sínú àwo pẹlẹbẹ kó tètè tutù, kó wọ fíríìjì kí wákàtí méjì tó pé, ẹ sì gbé e kaná títí èéfín á fi máa rú ní àárín rẹ̀. Èyí tó sùn sínú ìkòkò lórí sítóòfù, ẹ dà á nù. Ẹ fi búta sí ilé ìwẹ̀ gbogbo yàrá, kí ẹ sì fi ọfà kékeré sí ara àjà láti tọ́ka kíbílà. Ní Ìlọrin, ìlà-oòrùn tó tẹ̀ díẹ̀ sí àríwá ni.

ÌBÉÈRÈ: Yàrá 18 ni òtẹ́ẹ̀lì mi. Àwọn ọmọ iṣẹ́ kì í lò ju oṣù mẹ́ta lọ. Mo ń san owó lásìkò. Kí ni wọ́n ń fẹ́? (Onílé ìtura, Àjàṣẹ́ Ìpo)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Owó tó ń wọlé lásìkò dára, ọ̀pọ̀ kò ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ yẹ tábìlì iṣẹ́ yín wò, ìyẹn ìwé tó ń sọ ẹni tó máa ṣiṣẹ́ àti aago rẹ̀. Bí ẹni tó ṣíwọ́ ní aago mọ́kànlá alẹ́ bá tún gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ ní aago méje àárọ̀, kò sùn ju wákàtí márùn-ún lọ, ọ̀kadà òru sì ni ó gùn lọ sílé. Ẹ ya yàrá kan sọ́tọ̀ pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì méjì fún òṣìṣẹ́ alẹ́, tàbí kí ẹ yí aago padà. Ẹ lẹ tábìlì iṣẹ́ mọ́ ògiri ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí wọ́n lè mọ ọjọ́ tí wọ́n máa lọ ìsìnkú tàbí ìgbéyàwó.

Ẹ wo owó ìdúpẹ́ náà. Òṣìṣẹ́ káńtà àti agbáwo ló máa ń rí i. Ẹni tó ń fọ ṣíìtì àti ẹni tó ń ṣan abọ́, àlejò kò mọ̀ wọ́n rí. Àpótí kan, kí ẹ ṣí i lójú gbogbo wọn lọ́jọ́ Jímọ̀, kí ẹ pín in, kí ẹ sì má fọwọ́ kan kọ́bọ̀ níbẹ̀.

Ohun tó ń lé wọn jù, lérò tiwa, ni èébú tí wọ́n ń jẹ lórí ohun tí kò sí lọ́wọ́ wọn. Bí ẹ bá ń pa jẹnẹrétọ̀ ní aago méjìlá òru, ẹni tó wà ní káńtà ni àlejò á máa bú títí di òwúrọ̀. Ẹ kọ wákàtí iná sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì sọ ọ́ lórí fóònù kí wọ́n tó sanwó. Ẹ fi inverter kékeré gbé fáànù, gílóòbù kan àti POS. Ẹ́síì ló nílò dísù jẹnẹrétọ̀. Ẹ máa fọ asẹ́ (fílítà) inú ẹ́síì ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì nígbà ọyẹ́, nítorí eruku tó dí i ló ń mú kí ẹ́síì máa ṣiṣẹ́ láìtutù, tó sì ń jẹ dísù yín. Ẹ fún káńtà láṣẹ láti dín owó yàrá kù dé ìwọ̀n kan bí omi tàbí iná bá já wọn kulẹ̀, láìjẹ́ pé wọ́n ń jí yín lóru. Ẹ kọ ìwọ̀n náà sílẹ̀ fún wọn, kí ẹ sì fọwọ́ sí i.